Gílóòbù Wo Ni Kí Á Rà Fún Ilé Wa?

Fìtílà elépo pupa ni àwọn baba ńlá wa fi ń lé òkùnkùn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni kẹrosíìnì dé, pẹ̀lú láńtánì, àti àtùpà gáàsì tí wọ́n máa ń fún ní afẹ́fẹ́ títí yóò fi máa hó ṣìì. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé ọ̀fẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 1955, ìdí láńtánì ni wọ́n ti ka ìwé wọn lálẹ́. Iná mànàmáná ti wà ní ìlú Èkó kí ọdún 1900 tó dé, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí ó tó ti ibẹ̀ dé àwọn ìlú kéékèèké.

Lónìí iná ti dé Ìtamaga. Ọ̀rọ̀ tí ó kù ni owó rẹ̀.

Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà Ìtamaga lọ sí Ìjẹ̀dẹ́ yóò mọ Egbin. Láti ọdún 1985 ni wọ́n ti ń fi gáàsì pèsè iná níbẹ̀. Ẹ̀rọ ńlá mẹ́fà ló wà níbẹ̀, bí gbogbo wọn bá sì ń ṣiṣẹ́, agbára wọn tó 1,320 mẹ́gáwáàtì. Àwọn kan a máa bèèrè pé, ṣé ẹni tó wà lẹ́bàá odò ni yóò máa fi itọ́ bọ́jú? Kí ló dé tí a ṣì ń tan àbẹ́là? Ìdáhùn rẹ̀ rèé. Iná Egbin kì í ti ẹ̀yìn ògiri wọn bọ́ sí ilé wa tààrà. Ó ń gba orí wáyà ńlá lọ bá iná tó ń bọ̀ láti Kainji àti láti ibòmíràn, wọ́n á pa á pọ̀, wọ́n á sì pín in káàkiri Nàìjíríà. Èyí tí ó bá kàn wá ní Ìkòròdú ni Ikeja Electric ń tà fún wa, láti ọdún 2013 tí ìjọba ti fa ọ̀rọ̀ iná títà lé àwọn oníṣòwò lọ́wọ́.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, wọ́n gbé owó yúníìtì kan láti nǹkan bíi 68 náírà sí 225 náírà fún àwọn tí wọ́n wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí ó yẹ kí wọ́n rí iná fún wákàtí 20 lóòjọ́. Láti ìgbà náà, owó ọ̀hún ti sọ̀ díẹ̀, ó sì tún ti gòkè díẹ̀. Kí ìṣirò wa lè rọrùn, ẹ jẹ́ kí á pe yúníìtì kan ní 200 náírà. Ẹni tí iye tirẹ̀ bá yàtọ̀, kó fi tirẹ̀ ṣírò.

Ṣé ẹ ti mọ ìwé kà báyìí? Ó dáa. Ẹ gbé páálí gílóòbù kan, kí ẹ wá nọ́ńbà tí lẹ́tà W wà lẹ́yìn rẹ̀. W yìí ni wáàtì. Ohun tó ń sọ ni bí gílóòbù náà ṣe ń jẹ iná tó. Bí ohun tí ó ń jẹ 1,000 wáàtì bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan, yúníìtì kan ti lọ nínú mítà yín nìyẹn.

Gílóòbù tí a ti ń lò láti ayé Edison, ẹni tí ó ṣe tirẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1879, ní okùn irin tín-ínrín kan nínú. Iná á gba inú okùn yìí kọjá, okùn á gbóná títí á fi pọ́n yòò, yóò sì tànmọ́lẹ̀. Ẹni tó bá ti fọwọ́ kan án rí mọ ibi tí owó rẹ̀ ń lọ. Nínú náírà mẹ́wàá tí a ná lé e lórí, bíi mẹ́sàn-án ló di ooru. Ta ló wá fẹ́ ra ooru ní Ìkòròdú? Lẹ́yìn rẹ̀ ni èyí tí ó lọ́ pọ̀ bí ìfun, tí àwọn ènìyàn ń pè ní énájì. Òun sàn jù ú lọ. Èyí tí ó wá dé kẹ́yìn ni LED. Kò sí okùn tó ń gbóná nínú rẹ̀. Ẹ̀yà kéékèèké kan ni wọ́n tò sínú rẹ̀, iná á gba inú wọn kọjá, wọn á sì tànmọ́lẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé mẹ́ta láti Japan, Akasaki, Amano àti Nakamura, gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2014 nítorí pé wọ́n rí ọ̀nà láti mú kí irú iná yìí yọ àwọ̀ búlúù. Láìsí búlúù yẹn, irú LED funfun tí a ń lò nínú ilé yìí kì bá tí sí.

Ẹ jẹ́ kí á ṣírò báyìí. Ìmọ́lẹ̀ tí gílóòbù àtijọ́ 60 W ń fún wa, LED 9 W ń fún wa bẹ́ẹ̀. Ká ní gílóòbù mẹ́fà ló wà nínú ilé, tí a ń tàn wọ́n fún wákàtí márùn-ún lálaalẹ́. Bí wọ́n bá jẹ́ 60 W, yúníìtì 54 ni wọn yóò jẹ láàrin ọgbọ̀n ọjọ́. Owó rẹ̀ jẹ́ 10,800 náírà. Bí wọ́n bá jẹ́ LED 9 W, yúníìtì mẹ́jọ ó lé díẹ̀ ni. Owó rẹ̀ jẹ́ 1,620 náírà. Ẹ wo ohun tó wà láàrin wọn: 9,180 náírà lóṣù kan!

Ẹ wo iná ìta náà, èyí tí a ń tàn nítorí olè láti ìrọ̀lẹ́ títí di òwúrọ̀. Wákàtí 12 ni. Gílóòbù 60 W kan ṣoṣo níta yóò jẹ 4,320 náírà lóṣù. LED 9 W yóò jẹ 648. Èyí jẹ́ fún ẹni tó bá rántí pa á láàárọ̀ o.

Lóòótọ́, LED wọ́n ju gílóòbù àtijọ́ lọ lọ́jà. Ṣùgbọ́n bíi wákàtí 1,000 ni ti àtijọ́ ń lò kó tó kú, ojúlówó LED a sì máa lo 15,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí owó ò bá tó láti pààrọ̀ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó ń tàn pẹ́ jù. Ti ìta ni ó sábà máa ń jẹ́.

Ní ilé olójúùlé tí ayálégbé púpọ̀ ti ń lo mítà kan, ọ̀rọ̀ náà le díẹ̀. Ẹni tó ní LED kan nínú yàrá àti ẹni tó ní gílóòbù 100 W méjì kì í jẹ iná dọ́gba, síbẹ̀ iye kan náà ni wọ́n ń dá. Ibẹ̀ ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ohun tí àwa rò pé ó dára ni kí gbogbo ilé fẹnu kò, kí wọ́n yí gílóòbù yàrá gbogbo padà lọ́jọ́ kan náà, títí kan ti ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti ti balùwẹ̀.

Bí ẹ bá dé Sábó láti ra gílóòbù, ẹ má wo wáàtì nìkan. Ẹ wo nọ́ńbà tó ní lm lẹ́yìn. Òun ló ń sọ bí ó ṣe mọ́lẹ̀ tó. Èyí tó tó 800 lm ló bá gílóòbù 60 W ti àtijọ́ mu. Gílóòbù tí wọ́n kọ 9 W sí lára tí kò sí lm kankan, àwa ò ní rà á. Ẹ tún wo ìdí rẹ̀. Èyí tó ní ẹsẹ̀ kékeré méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni B22, èyí tí a ń lọ́ wọlé bí ìdérí ìgò ni E27. Èyí tó bá ilé yín mu ni kí ẹ rà. Nọ́ńbà tó ní K lẹ́yìn ń sọ̀rọ̀ nípa àwọ̀. 2700 K pupa rẹ́súrẹ́sú bí iná láńtánì, 6500 K sì funfun bí ọ̀sán gangan. Èyí tó funfun dára níbi tí ọmọ ti ń kàwé àti níbi tí a ti ń ṣa ìrẹsì. Èyí tó pọ́n dára fún yàrá àti fún ìta, nítorí kòkòrò kì í fẹ́ràn rẹ̀ tó funfun. Ẹ ní kí oníṣọ́ọ̀bù tàn án lójú yín, kí ẹ sì gba rìsíìtì. Ayédèrú pọ̀.

Àwọn mìíràn ń sọ pé sólà làwọn máa rà, torí iná ń lọ. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ yí gílóòbù padà ná. Ìdí rẹ̀ ni pé LED mẹ́fà tí a sọ níṣàájú kò jẹ tó ìdá mẹ́ta yúníìtì kan lálẹ́. Pánẹ́ẹ̀lì 100 W kan àti bátìrì tó bá a mu lè gbé e lọ́jọ́ tí oòrùn bá ràn dáadáa. Gílóòbù 60 W mẹ́fà á fẹ́ nǹkan bíi pánẹ́ẹ̀lì mẹ́fà irú bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ra sólà tó sì fi gílóòbù àtijọ́ sílẹ̀ ń ra agbádá fún ooru ni. Ẹ máa nu eruku ọyẹ́ kúrò lórí pánẹ́ẹ̀lì, ẹ sì mọ̀ pé láàrin oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án, ìkùukùu yóò dín agbára rẹ̀ kù.

Ní ti jẹnẹrétọ̀, láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí pẹtiróòlù sì kọjá 600 náírà lítà kan kí oṣù keje tó parí, a ò rí ìdí tí ẹnikẹ́ni yóò fi tan án nítorí gílóòbù nìkan. Bí ẹ bá máa tàn án fún iṣẹ́ mìíràn, ẹ má gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí abẹ́ fèrèsé. Èéfín tó ń pani nínú rẹ̀ kò ní òórùn, oorun ló sì máa ń bá àwọn ènìyàn. Ẹ má sì ra kẹrosíìnì tí wọ́n ti pò mọ́ pẹtiróòlù sínú láńtánì. Ó ń bú gbàù.

Bí gílóòbù onífun bá fọ́, ẹ ṣí fèrèsé, kí gbogbo yín jáde fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá, nítorí ó ní májèlé díẹ̀ nínú. Ẹ fi páálí kó o. Ẹ má fi ọwọ́ lásán kó o, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé súnmọ́ ibẹ̀.