Gìtá Yín Ń Dún Tín-ín-rín Nínú In-Ear? Ẹ Má Tíì Dá Gìtá Lẹ́bi

Bí ọdún bá ti ń parí lọ, iṣẹ́ máa ń pọ̀ fún àwọn olórin wa. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú á ṣe ìpàdé ọdún, ìjọ á ṣe ìkórè, ìgbéyàwó á pọ̀. Ọ̀rọ̀ kan sì wà tí àwọn onígìtá máa ń gbé wá bá wa níbi tí a ti ń ta wáyà àti ohun èlò orin: "Ẹ̀gbọ́n, láti ìgbà tí a ti ń lo in-ear, gìtá mi ò dùn mọ́. Ṣe ló ń dún bí ẹ̀fọn létí mi." Àwọn kan ti ń múra láti ta gìtá wọn, kí wọ́n lọ ra tuntun. Ìdí nìyí tí a fi ní ká ṣàlàyé. Gìtá kọ́ ló bàjẹ́. Sípíkà ló kúrò láàárín.

Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, in-ear ni íyápíìsì kékeré tí olórin ń kì bọ etí kó lè gbọ́ ara rẹ̀ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, dípò sípíkà ńlá tí wọ́n máa ń gbé síwájú ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí ìtàgé. Ó dára gan-an. Ariwo orí ìtàgé á dínkù, máìkì ò ní máa ké fííín mọ́, ìlù ò sì ní bo akọrin mọ́lẹ̀.

Níbo wá ni wàhálà ti wọlé? Ohun tó ń jáde látinú wáyà gìtá iná, ohùn tútù ni. Sípíkà inú ámpù ló ń sè é jinná. Sípíkà gìtá kì í sì ṣe ẹgbẹ́ sípíkà tí a fi ń gbọ́ rédíò nílé, nítorí kì í gbé gbogbo ohùn jáde. Ẹ wo Celestion Vintage 30 tí àwọn onígìtá mọ̀ dáadáa: àwọn tó ṣe é kọ ọ́ pé láti 70 Hz dé 5,000 Hz ni agbára rẹ̀ mọ. Hz yìí ni iye ìgbà tí ohùn ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bó bá ṣe pọ̀ tó ni ohùn á ṣe mú tó. Ohùn tó bá mú ju 5,000 lọ dáadáa, sípíkà yẹn ti gé e kúrò. Íyápíìsì, ní tirẹ̀, ń gbé ohùn tó ga jù bẹ́ẹ̀ lọ fíofío.

Tí ẹ bá wá ti wáyà láti pẹ́dàlì bọ inú míkísà tààrà, gbogbo ohun tí sípíkà ì bá ti gé kúrò ló máa wọ̀ yín létí. Ó dà bí ògì tí a lọ̀ tí a ò sẹ́: ògì ni lóòótọ́, àmọ́ èérí ṣì wà nínú rẹ̀. Sípíkà ni asẹ́ yẹn. Tí ẹ bá tún tan distortion mọ́ ọn, èérí yẹn á di ìlọ́po.

Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ ni pé kí ẹ dá asẹ́ padà. Ọ̀nà mẹ́ta ló wà.

Èkíní, ẹ gbé máìkì síwájú ámpù. Shure SM57, tó ti wà láti ọdún 1965, ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń ṣe é. Ẹ gbé e sún mọ́ aṣọ ojú sípíkà. Tó bá kọjú sí àárín gan-an, ohùn á mú. Bí ẹ bá ń sún un lọ sí ẹ̀gbẹ́, ohùn á máa rọ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa sún un.

Èkejì, tí kò bá sí ámpù, ẹ yẹ pẹ́dàlì yín wò. Ọ̀pọ̀ multi-effects òde òní ló ti ní ohun tí wọ́n ń pè ní cab tàbí IR, tó ń ṣe bí sípíkà àti máìkì. Ẹ tan án. Ẹlòmíì ti ra á tipẹ́, kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Àmọ́ tí ẹ bá tún ń gba ámpù kọjá, ẹ má jẹ́ kí cab yẹn lọ sínú ámpù, torí ẹ máa sẹ́ ògì lẹ́ẹ̀mejì, ohùn á sì dí.

Ẹ̀kẹta, tí èyíkéyìí ò bá sí, ẹ bẹ ẹni tó ń darí míkísà kó gé ohun tó wà lókè nǹkan bí 5,000 sí 6,000 Hz, kó sì gé ohun tó wà nísàlẹ̀ 80 Hz. Okùn gìtá tó nípọn jù, nǹkan bí 82 Hz ni ohùn rẹ̀, nítorí náà ẹ ò pàdánù nǹkan kan. Ẹ fi ìsàlẹ̀ fún gìtá béèsì àti ìlù.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó fọwọ́ kan bọ́tìnnì kankan, ẹ wo rọ́bà íyápíìsì yín. Tí kò bá dí ihò etí pa, ohùn ìsàlẹ̀ á jò lọ, gìtá tó dára jù láyé á sì dún tín-ín-rín. Ẹ dán rọ́bà ńlá àti kékeré wò. Etí ọ̀tún lè má gba ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú ti òsì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe jùjú, tiyín tún yàtọ̀ díẹ̀. Gìtá méjì tàbí mẹ́ta ló máa ń dá ara wọn lóhùn, gángan á tún máa sọ̀rọ̀ láàárín wọn. Tí gbogbo wọn bá rọ́ sí ojú kan ṣoṣo nínú etí, ẹ ò ní mọ ta ló ń sọ kí ni. Tí in-ear yín bá jẹ́ stereo, ẹ ní kí wọ́n fi gìtá kan sọ́tùn-ún díẹ̀, kí èkejì wà lósì, kí ohùn akọrin dúró láàárín. Kí wọ́n tún gbé máìkì kan kọjú sí èrò, kó máa wọ inú in-ear nìkan, kí ẹ lè máa gbọ́ àtẹ́wọ́ àti ìdáhùn wọn.

Ibi tó ń bà wá lẹ́rù rèé. Nígbà tí gìtá ò bá dùn, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe ni pé wọ́n á yọ ẹyọ kan kúrò létí, wọ́n á wá yí ohùn ti ìkejì sókè. Ìyẹn ò tún gìtá ṣe, etí ló ń pa. NIOSH, àjọ tó ń rí sí ìlera òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ní kí èèyàn má gbọ́ ariwo 85 dB ju wákàtí 8 lọ lóòjọ́. Bí ó bá ti fi 3 dB lé, àkókò á dín sí ìdajì: 88 dB, wákàtí 4, 91 dB, wákàtí 2, 100 dB, ìṣẹ́jú 15 péré. Àríyá tiwa ńkọ́, tó ń di ìdájí? Irun kéékèèké tó ń gbé ohùn nínú etí, tó bá kú, kì í hù mọ́. Ẹ tan limiter tó wà lára ẹ̀rọ in-ear yín, ẹ ki méjèèjì bọ etí, kí ẹ sì yí ohùn wálẹ̀. Tí etí bá ń hó lẹ́yìn eré, ìkìlọ̀ ni. Tí kò bá lọ, ẹ wá dókítà etí lọ.

Ẹ̀yin alága àti akọ̀wé ẹgbẹ́, ẹ bá wa fún àwọn olórin yín láyè láti dán ohùn wò kí àlejò tó dé. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú péré lè gbà yín lọ́wọ́ owó tí ẹ fẹ́ fi ra nǹkan tuntun. Ojoojúmọ́ ni gìtá wà lọ́jà. A ò tíì rí ibi tí wọ́n ti ń ta etí. Ọdún á yabo o.