Ìpàdé Àwọn Tó Ń Jáwọ́ Nínú Ọtí

Alcoholics Anonymous, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní AA, ló gbajúmọ̀ jù lọ nínú àwọn ẹgbẹ́ tí àwọn tí ọtí ti di bárakú fún ti ń ran ara wọn lọ́wọ́. Ìlú Akron ní ìpínlẹ̀ Ohio, ní Amẹ́ríkà, ló ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1935. Bill Wilson, ará New York tó ń ṣiṣẹ́ ní ọjà ìpín-ìdókòwò, ti fi ọtí sílẹ̀ fún oṣù bíi mélòó kan nígbà tí òwò gbé e dé Akron. Òwò náà forí ṣánpọ́n, ọtí sì ń fà á lọ́kàn padà. Ó tẹ àwọn ènìyàn láago títí tí wọ́n fi mú un mọ Bob Smith, dókítà oníṣẹ́ abẹ tí ọtí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ayé rẹ̀ jẹ́. Wọ́n jọ sọ̀rọ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Kì í ṣe ìwàásù ni Wilson ṣe fún un. Ohun tí ojú òun fúnra rẹ̀ ti rí lọ́wọ́ ọtí ló sọ. Ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà ọdún yẹn ni wọ́n gbà pé Smith mu ọtí kẹ́yìn, ọjọ́ náà ni ẹgbẹ́ sì kà sí ọjọ́ ìbí rẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì náà ni ìpàdé AA kọ̀ọ̀kan ṣì ń ṣe títí di òní: ẹni tó ti mu ún rí ló ń bá ẹni tó ń mu ún lọ́wọ́ sọ̀rọ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ fi ń wọni lọ́kàn níbẹ̀. Ìyàwó ti sunkún, pásítọ̀ àti àáfà ti gbàdúrà, àwọn ẹbí ti pe ìpàdé títí ó ti sú wọn, ṣùgbọ́n ọ̀mùtí a máa rò pé kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ń ṣe òun. Nínú ìpàdé yìí, kò lè rò bẹ́ẹ̀ pẹ́.

Ìpàdé sábà máa ń gbà tó wákàtí kan, nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì, ní ilé ìwòsàn tàbí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Èyí tó ṣí sílẹ̀ wà fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wá gbọ́; èyí tí wọ́n tì wà fún àwọn tó fẹ́ jáwọ́ nínú ọtí nìkan. Ní àwọn ìpàdé kan, ẹnì kan ni yóò sọ ìtàn ayé rẹ̀. Ní òmíràn, wọ́n á ka ìwé ẹgbẹ́ tó jáde lọ́dún 1939, tàbí kí wọ́n jíròrò lórí ọ̀kan nínú ìgbésẹ̀ méjìlá tí ẹgbẹ́ ń tẹ̀ lé. Àwọn ìgbésẹ̀ náà mẹ́nu kan Ọlọ́run, ṣùgbọ́n kálukú ló ń túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe yé e. Ẹni tí èyí kò bá lára mu lè lọ sí ẹgbẹ́ mìíràn bíi SMART Recovery, tí kò gbé ètò rẹ̀ ka ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn.

Kò sí owó ìwọlé. Wọ́n á gbé igbá yípo, ẹni tó bá ní á fi sí i. Orúkọ àkọ́kọ́ nìkan ni wọ́n ń dá, wọn kì í sì sọ ohun tí wọ́n gbọ́ níbẹ̀ níta. Láwùjọ tí wọ́n ti ń fi àmupara ṣẹ̀sín, ààbò yìí ṣe pàtàkì púpọ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lè jókòó kó máa gbọ́. Kò pọn dandan kó sọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, wọ́n á gba ẹni tuntun nímọ̀ràn pé kó yan afinimọ̀nà láàárín àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Òun ni yóò máa pè nígbà tí ọtí bá ń pè é, fún àpẹẹrẹ kó tó lọ sí òde àríyá tí ọtí ti ń ṣàn bí omi. Ẹni tó bá tún mutí kì í di ẹni ìtanù. Ó ń padà wá ni, á sì tún bẹ̀rẹ̀.

Ìkànnì AA àti áàpù Meeting Guide ń fi ibi àti àkókò ìpàdé hàn. Ó rọrùn fún Yorùbá tó wà ní London tàbí Houston láti rí èyí tó sún mọ́ ọn. Ní Nàìjíríà, kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ìpàdé orí íntánẹ́ẹ̀tì sì lè dí àlàfo náà. Ìpàdé kan kò jọ èkejì, nítorí náà ó dára kí ènìyàn dé bíi mélòó kan wò kó tó pinnu pé kò bá òun mu.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kò ṣeé fojú fò. Ẹni tó ti ń mu ọtí púpọ̀ lójoojúmọ́ kò gbọdọ̀ dá a dúró lójijì láìrí dókítà. Ọwọ́ rẹ̀ lè máa gbọ̀n, gìrì lè mú un, ó lè máa rí ohun tí kò sí níbẹ̀, ó sì lè kú. Ilé ìwòsàn ìjọba ní Aró ní Abẹ́òkúta àti ní Yaba ní Èkó ń tọ́jú irú wọn. Ìpàdé kò dípò ìtọ́jú, ṣùgbọ́n ó ń gbè é lẹ́yìn: lọ́dún 2020, àjọ Cochrane ṣàgbéyẹ̀wò ìwádìí 27, wọ́n sì rí i pé ìtọ́jú tó ń darí ènìyàn lọ sí AA ń ran ọ̀pọ̀ lọ́wọ́ láti jìnnà sí ọtí pátápátá ju àwọn ìtọ́jú mìíràn bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn ará ilé náà kò gbẹ́yìn. Lọ́dún 1951 ni Lois, ìyàwó Wilson, àti obìnrin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan dá Al-Anon sílẹ̀ fún ìyàwó, ọkọ, òbí àti ọ̀rẹ́ ọ̀mùtí. Wọ́n lè lọ síbẹ̀ bí ẹni tó ń mutí kò bá tilẹ̀ tíì gbà láti jáwọ́.