Ewé Òkun Inú Ọ̀rá: Kí Ẹ Tó Rà Á fún Ọmọ

Ìbéèrè kan ń wá lẹ́yìn àsàlátù ní Kétu níbí: ewé òkun gbígbẹ tí àwọn ọmọ ń rí nínú fíìmù Kòríà, ṣé a lè rà á fún wọn?

Ewé náà fúnra rẹ̀ halal ni. Ohun tí wọ́n fi sí i ni kí ẹ wò, nítorí àwọn kan máa ń fi mirin, ọtí ìrẹsì àwọn ará Japan, dùn ún. Ẹ ka ẹ̀yìn ọ̀rá, kí ẹ sì wá nọ́ńbà NAFDAC.

Nori, irú tó fẹ́lẹ́ bí bébà, kò burú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, àfi iyọ̀ rẹ̀. WHO ní kí iyọ̀ àgbàlagbà má tó gíráàmù 5 lóòjọ́. Mágì inú ọbẹ̀ wa nìkan ńkọ́?

Áyódíìnì ló ń kọ mí lóminú. Ara nílò rẹ̀ kí gẹ̀gẹ̀ má bàa yọ lọ́rùn, ṣùgbọ́n láti 1993 ni wọ́n ti ń fi sí iyọ̀ wa. Máíkírógíráàmù 150 tó àgbàlagbà lóòjọ́. Kelp, irú tó nípọn, lè ní ju ìlọ́po mẹ́wàá ìyẹn lọ nínú gíráàmù kan ṣoṣo, àpọ̀jù rẹ̀ sì ń da táírọ́ìdì rú. Kí aláboyún àti ẹni tó ń lo oògùn táírọ́ìdì má fọwọ́ kàn án. Ẹni tó ń lo warfarin, kí ó kọ́kọ́ bi dókítà rẹ̀ nípa ewé òkun èyíkéyìí, nítorí fítámì K. Hijiki, tó dúdú bí òwú, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti ní kí aráàlú má jẹ ẹ́ láti 2004: áséníìkì wà nínú rẹ̀.

Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ Mile 12 ṣì wà o, owó rẹ̀ kò tó ti ọ̀rá yẹn. Koríko tí òkun ń tú sí etí Lẹ́kí ńkọ́? Ẹ má ṣà á jẹ.