Ìgbìnpọ̀ Ohun Ọ̀gbìn Lórí Ilẹ̀ Tí Kò Tó ní Àárín Gbùngbùn Èkìtì

Ìfáàrà

Iṣẹ́ yìí dá lórí bí àgbẹ̀ Adó-Èkìtì àti agbègbè rẹ̀ ṣe lè mú irè oko pọ̀ sí i láìfi kún ilẹ̀. Òkúta ńláńlá, bí Olósùnta ní Ìkẹ́rẹ́, gba apá kan ilẹ̀ náà. Láti ìgbà tí Adó-Èkìtì ti di olú-ìlú ìpínlẹ̀ ní 1996, ilé ń jẹ oko etílé mọ́lẹ̀ sí i. Ilẹ̀ kò wá tó mọ́ láti fi sílẹ̀ kí ó sinmi pẹ́ bíi ti àtijọ́.

Bí ìgbìnpọ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́

Láyé ìjọba amúnisìn, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn ka oko tí iṣu, àgbàdo, ẹ̀gúsí àti ẹ̀gẹ́ wà pọ̀ sí rúdurùdu. Ṣùgbọ́n ètò wà nínú rẹ̀. Àgbàdo kì í lò ju oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin lọ. Ẹ̀gẹ́ lè lo ọdún kan. Nígbà tí àgbàdo ń gba oòrùn, ẹ̀gẹ́ ṣì kéré; nígbà tí a bá ká àgbàdo tán ni ẹ̀gẹ́ ń yọ ẹ̀ka. Ìtàkùn ẹ̀gúsí ń bo ilẹ̀, ó ń dá èpò dúró, ó sì ń dín agbára ọ̀gbàrá kù. Bí a bá fi ẹ̀wà kún un, àwọn ẹ̀dá àìfojúrí inú gbòǹgbò rẹ̀ ń fa náítírójìn láti inú afẹ́fẹ́.

Bí a ṣe ń wọn èrè rẹ̀

Ká fi àpẹẹrẹ lásán ṣàlàyé. Bí hẹ́kítà kan bá mú tọ́ọ̀nù 2 àgbàdo wá nígbà tí àgbàdo dá wà, tí òmíràn sì mú tọ́ọ̀nù 10 ẹ̀gẹ́ wá, tí a wá gbin méjèèjì pọ̀ tí a rí tọ́ọ̀nù 1.4 àti 7, ìdá méje nínú mẹ́wàá ni ti ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àròpọ̀ wọn jẹ́ 1.4. Ìyẹn ni pé hẹ́kítà kan ṣe iṣẹ́ hẹ́kítà 1.4. Bí àròpọ̀ náà bá rẹlẹ̀ sí 1, àdánù ni.

Ibi tí ìṣòro wà

Ìgbìnpọ̀ kì í ṣe ìfúnpọ̀. Irúgbìn tí ó ń gbó lásìkò kan náà, tí gbòǹgbò wọn jọ wà níbì kan náà, ìjà omi ni wọn yóò máa jà. Èyí tí ó tún ṣòro jù ni pé bí irè bá ṣe pọ̀ tó ni oúnjẹ inú ilẹ̀ tí a ń kó kúrò ṣe ń pọ̀ tó. Ìgbìnpọ̀ láìsí ajílẹ̀ lè mú kí ilẹ̀ tètè ṣá.

Ilé-iṣẹ́ ìwádìí IITA, tí a dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1967, gbìyànjú láti yanjú èyí. Wọ́n gbin agúnmániyẹ̀ àti leucaena ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́, wọ́n gbin àgbàdo sáàárín wọn, wọ́n sì ń gé ewé igi náà bo ilẹ̀. Ìlànà náà ṣiṣẹ́ lóko ìdánwò, ṣùgbọ́n kò tàn kálẹ̀ láàárín àgbẹ̀ bí a ti retí. Gígé igi náà ń gba agbára púpọ̀. Bákan náà, nílẹ̀ Yorùbá, ẹni tí ó gbin igi alálòpẹ́ lè fi sọ pé òun ni ó ni ilẹ̀, nítorí náà onílẹ̀ kì í sábà gbà kí àgbàtọ́jú oko gbìn ín.

Ìkádìí

Ó hàn gbangba pé ìgbìnpọ̀ lè mú irè pọ̀ lórí ilẹ̀ tí kò tó, bí a bá yan irúgbìn tí ìgbà wọn yàtọ̀, tí a sì ń dá ọ̀rá padà fún ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò dá a lójú pé òun yóò tún dá oko náà lọ́dún mẹ́ta sí i kò ní í fi ajílẹ̀ ọlọ́jọ́ pípẹ́ sí i. Ọ̀rọ̀ àdéhùn ilẹ̀ kò ṣeé yà kúrò lára ọ̀rọ̀ irúgbìn.