Kí Ni Ọmọ Kéwú Ń Fi Àgbàdo Ṣe?

Ẹ̀yin òbí wa, ẹ̀yin ará mọ́sáláásí, a gbọ́ ohun tí àwọn kan ń sọ, pé eré ni a ń fi ọmọ wọn ṣe ní ilé-kéwú: kí ni ti omi, kí ni ti àgbàdo? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ tiwa.

Àwọn ọmọ wa ti há òfin sàká ìtúnu ààwẹ̀ sórí geere: múdù mẹ́rin lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n nígbà tí a gbé àgbàdo síwájú wọn pé kí wọ́n wọ̀n ọ́n, ńṣe ni wọ́n ń wo ara wọn. A ní kí wọ́n pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀, kí wọ́n fi bù ú. Ọmọ bu tirẹ̀, olùkọ́ bu tirẹ̀. Ti ọmọ kò tó ìdajì. Ibẹ̀ ni wọ́n ti mọ ìdí tí àwọn onímọ̀ fi ní ọwọ́ àgbàlagbà tí kò tóbi jù, tí kò sì kéré jù, ni kí á lò. A wá dà á sínú kóńgò tí wọ́n fi ń tajà l'Ọ́jà'ba, wọ́n rí ibi tí ó dé. (Adìẹ jẹ nínú rẹ̀, a kò purọ́.)

Ìlànà yìí kì í ṣe tuntun. Jibirílù kírun pẹ̀lú Ànábì wa fún ọjọ́ méjì, kí àkókò ìrun lè hàn. Sàyídínà Uthmān bèèrè omi, ó ṣe aluwàlá lójú àwọn ènìyàn, kí wọ́n lè rí bí Ànábì ti í ṣe é. Ìdí omi nìyẹn.

Kí ààwẹ̀ tó dé, a ó tún wọ̀n ọ́n. Ẹ fi àgbàdo díẹ̀ rán ọmọ yín; yóò gbé e padà wálé.