Èédú Tí Ó Ń Yọ́ Irin

Bí a ti ń gba Malu Road kọjá láti Ajégúnlẹ̀ lọ sí Àpápá, a rí ọkọ̀ ńlá kan tí ó ru irin. Ọ̀kan nínú wa bèèrè pé, “Kí ni a fi ń yọ irin kúrò nínú òkúta?” Ìdáhùn rẹ̀ nìyí.

Iná nìkan kò tó. Nínú òkúta irin, irin àti ọ́síjìn so mọ́ ara wọn. Afẹ́fẹ́ tí ń ti inú èédú tí ń jó jáde ni ó ń gba ọ́síjìn náà lọ́wọ́ irin. Nítorí náà iṣẹ́ méjì ni èédú ń ṣe: ó ń mú ooru wá, ó sì ń tú irin sílẹ̀.

Àwọn baba wa mọ iṣẹ́ yìí. Ní Ìsúndunrin, lẹ́bàá Ẹ̀jìgbò, wọ́n fi amọ̀ mọ ìléru, wọ́n sì ń fi èédú igi yọ́ irin nínú rẹ̀. C. V. Bellamy tẹ ìròyìn irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ jáde ní 1904. Irin olówó pọ́ọ́kú tí ó gba èbúté wọlé ni ó pa irú ìléru bẹ́ẹ̀.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Abraham Darby fi èédú inú ilẹ̀, tí a ti kọ́kọ́ sun di kóòkù, rọ́pò èédú igi ní 1709. Ṣùgbọ́n anthracite ṣòro: ó le bí òkúta, kò ní èéfín púpọ̀, kì í sì í tètè gbiná. Ní 1828, J. B. Neilson ará Scotland gba ìwé àṣẹ fún fífẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbóná sínú ìléru. Ọgbọ́n yìí ni George Crane àti David Thomas lò ní Ynyscedwyn ní Wales, tí wọ́n fi anthracite yọ́ irin ní 1837. Thomas sì rékọjá sí Amẹ́ríkà. Ìléru rẹ̀ ní Catasauqua ní Pennsylvania bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1840.

Àwa náà ní èédú. A rí ti Enugu ní 1909, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í wà á ní 1915. Ó wa ọkọ̀ ojú irin, ó sì mú iná mànàmáná wá ní Ìjọrà, nítòsí Àpápá. Ṣùgbọ́n kì í di kóòkù tí ó le, nítorí náà òun nìkan kò tó fún ìléru ńlá.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, kì í ṣe anthracite ni ó burú. Afẹ́fẹ́ tútù ni kò bá a mu. Bí ọmọ kan bá lọ́ra láti gbiná nínú kíláàsì wa, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yẹ ewìrì ọwọ́ ara wa wò.