Phi Beta Kappa: Ẹgbẹ́ Tí Kò Ní Fọ́ọ̀mù

Nínú àwọn ẹgbẹ́ tí yunifásítì Amẹ́ríkà fi ń yẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ̀wé sí, Phi Beta Kappa ló pẹ́ jù. Ọjọ́ 5 oṣù Kejìlá ọdún 1776 ni àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin kan dá a sílẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì William and Mary, nílùú Williamsburg ní Virginia, oṣù márùn-ún péré lẹ́yìn tí Amẹ́ríkà kéde òmìnira. Ẹgbẹ́ ìmùlẹ̀ ni nígbà náà: wọ́n ń búra wọlé, wọ́n ní bí wọ́n ṣe ń bọ ara wọn lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ ìpàdé kò sì gbọdọ̀ jáde. Ohun tí wọ́n fi gbogbo àṣírí yìí bò kò ju àríyànjiyàn lórí ìwé àti ìṣèlú lọ. Ogun òmìnira tú ẹ̀ka Williamsburg ká ní 1781, ṣùgbọ́n wọ́n ti fún Yale àti Harvard láṣẹ láti dá tiwọn sílẹ̀. Harvard ló pa àṣírí tì ní 1831, nígbà tí ará ìlú ń bínú sí ẹgbẹ́ ìmùlẹ̀ Mason.

Ilẹ̀kùn kò tètè ṣí fún gbogbo ènìyàn. Ẹ̀ka ti Yunifásítì Vermont ló kọ́kọ́ gba obìnrin, ní 1875. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ó gba George Washington Henderson, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tí wọ́n bí sóko ẹrú ní Virginia. Àmọ́ ó di 1953 kí Fisk àti Howard, yunifásítì àwọn aláwọ̀ dúdú, tó ní ẹ̀ka.

Ẹnikẹ́ni kì í tọrọ àyè nínú ẹgbẹ́ yìí. Àwọn olùkọ́ tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ ní yunifásítì kọ̀ọ̀kan ló ń jókòó ti àkọsílẹ̀ máàkì àwọn tó fẹ́ẹ̀ jáde. Máàkì gíga nìkan kò tó: wọ́n á wò ó bóyá ẹni tó ka kẹ́mísírì tún kọ́ èdè ilẹ̀ òkèèrè, bóyá ẹni tó ka ìtàn fọwọ́ kan ìṣirò. Bí ìdá kan nínú mẹ́wàá àwọn yunifásítì ibẹ̀ ló ní ẹ̀ka. Ẹni tí wọ́n bá yàn á rí lẹ́tà gbà, á san owó ìwọlé, á sì fọwọ́ sí ìwé orúkọ.

Àmì ẹgbẹ́ ni kọ́kọ́rọ́ wúrà kékeré tó ní ìràwọ̀ mẹ́ta àti ọwọ́ tó ń nàka sí wọn. Fàdákà onígun mẹ́rin lásán ni tẹ́lẹ̀. Nígbà tó yá ni wọ́n so ìdí kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọn, tí wọ́n fi ń wáìnì aago àpò.

Àwọn mìíràn tẹ̀lé e: Tau Beta Pi fún àwọn ẹnjiníà ní 1885, Sigma Xi fún àwọn onísáyẹ́ǹsì ní 1886. Lónìí, àwọn kan tún wà tó ń fi lẹ́tà ìkíni ránṣẹ́ sí akẹ́kọ̀ọ́ rẹpẹtẹ láti gba owó, láìsí olùkọ́ kankan tó dìbò yan ẹnikẹ́ni.